Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Kí Mọ́dẹ́ẹ̀lì Ọkọ̀ Ìgúnlẹ̀ Jọ Ọkọ̀ Tó Ti Fẹnu Kan Yanrìn

Ìbéèrè tí àwọn tó ń to mọ́dẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ (ẹ̀dà kékeré oníke ti ọkọ̀ tó ń kó ọmọ ogun láti orí òkun wá sí etíkun) ní Òṣogbo ń bi mí jù rèé: "Mo ti to ọkọ̀ náà tán, mo ti kùn ún, gbogbo ẹ̀ pé. Kí ló dé tó ṣì ń jọ ohun ìṣeré ọmọdé?" Ìdáhùn mi kì í yí padà. Nǹkan méjì ló ń tú àṣírí ẹ̀. Àkọ́kọ́, ara rẹ̀ nípọn jù. Ìkejì, àmì ìlò tí ẹ fi sí i kò nídìí: ìpáàrà wà níbi tí kò sí irin, ọ̀dà bó níbi tí bàtà kankan kò tẹ̀ rí. Ẹ tún méjèèjì yìí ṣe, ọkọ̀ náà á yí padà lójú yín, kódà tí ẹ ò bá ra ẹyọ ohun èlò kan kún un.

LCVP ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ jù, ìyẹn ọkọ̀ onípákó tí Andrew Higgins ṣe jáde ní New Orleans, torí òun ló wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀. Màá dárúkọ LCM(3), ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ mìíràn tó jẹ́ onírin látòkèdélẹ̀, níbi tí iṣẹ́ rẹ̀ bá ti yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú ohun èlò tí mo kà sílẹ̀ wà ní Ọjà Ọba, ní Ìgbóná, àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń kun mọ́tò. Ẹ ò ní láti dúró de ẹrù òkè òkun.

KÍ Ẹ TÓ ṢÍ GÚLÙÚ

1. Ẹ mú ọkọ̀ kan, etíkun kan, àkókò kan. LCVP tó gúnlẹ̀ sí Normandy, ní ilẹ̀ Faransé, ní June 1944 kò lè ní ìdọ̀tí kan náà pẹ̀lú èyí tó wà ní Tarawa, erékùṣù kan lójú omi Pàsífíìkì, ní November 1943. Yanrìn Normandy pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ti Tarawa funfun, torí iyùn òkun tó fọ́ ni. Tó bá sì jẹ́ NNS Lokoja lẹ fẹ́ ṣe, ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ àwọn ológun ojú omi wa tó wà níbi ogun Bonny ní July 1967, ẹrẹ̀ dúdú inú irà lẹ máa wá, kì í ṣe yanrìn.

2. Ẹ wá fọ́tò ọkọ̀ gidi. Èyí tí Robert F. Sargent yà ní 6 June 1944 láti inú LCVP tó wá láti ara ọkọ̀ USS Samuel Chase dára gan-an, torí pé inú ọkọ̀ ló dúró sí nígbà tó yà á. Ẹ má fi mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ṣe àwòkọ́. Tí ẹni yẹn bá ti ṣì í, ẹ̀yin náà á ṣì í, ẹ ò sì ní mọ ibi tí àṣìṣe ti wọlé.

3. Ẹ ṣe ìṣirò, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ fi mìlímítà wọn ohun gidi, kí ẹ pín in sí ọ̀nà 35 tí kíìtì yín (àpótí ẹ̀yà ike tí ẹ fẹ́ tò) bá jẹ́ 1/35, tàbí sí ọ̀nà 72 tó bá jẹ́ 1/72. Gígùn LCVP jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 36 àti íǹṣì 3, ìyẹn nǹkan bíi mítà 11. Ní 1/35, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ mìlímítà 316. Ní 1/72, mìlímítà 153. Ọkùnrin tó ga ní mítà 1.75 á jẹ́ mìlímítà 50 ní 1/35.

Ìṣirò kẹta yìí ni ọ̀pọ̀ ń fò, òun sì ni gbogbo iṣẹ́ dúró lé. Ẹ wo irin ààbò tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ LCVP: ìdá mẹ́rin íǹṣì kan ni, ìyẹn mìlímítà 6.35. Ní 1/35, ó yẹ kó jẹ́ 0.18. Ike tó wà nínú kíìtì sábà máa ń tó mìlímítà 1, tó bá ara ọkọ̀ gidi mu bí irin mìlímítà 35! Kò sí ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ onípákó tó lè gbé irú irin bẹ́ẹ̀ kó máà rì. Ojú yín mọ̀ ọ́n, bí ẹnu yín ò tiẹ̀ lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

OHUN TÍ Ẹ MÁA KÓ SÍLẸ̀

- abẹ tuntun, sáńpépà oríṣi mẹ́ta (èyí tó le, èyí tó kúnná, èyí tó kúnná jù tí àwọn akunmọ́tò ń fi omi lò)
- ẹ̀mú kékeré tí àwọn tó ń lẹ ìpéǹpéjú ń lò
- agolo móòtì tó ti ṣófo, mẹ́ta tàbí mẹ́rin
- wáyà bàbà inú okùn iná tó ti bàjẹ́, pàápàá èyí tó ní okùn wẹ́wẹ́ púpọ̀
- òwú ìránṣọ dúdú, ti aláwọ̀ eérú àti ti aláwọ̀ ilẹ̀
- àbẹ́là, abẹ́rẹ́, gègé tí yíǹkì rẹ̀ ti tán
- súpà gúlùú, àti gúlùú funfun àwọn káfíńtà
- fóòmù tí ẹ ya lára bẹ́ẹ̀dì àtijọ́
- pẹ́ńsù 2B, ṣọ́ọ̀kì, èédú díẹ̀
- ìbomú, àti fèrèsé tó ṣí

Ìkìlọ̀ mẹ́ta kí a tó lọ. Tínà tí àwọn akunmọ́tò ń lò máa ń jẹ ike. Ẹ má fi fọ mọ́dẹ́ẹ̀lì, ẹ má sì fi po ọ̀dà tí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì kùn. Ẹ má tan àbẹ́là nítòsí tínà, pẹtiróòlù tàbí ọ̀dà oníféré (èyí tí a ń fọ́n). Èéfín súpà gúlùú ń ta ojú, ó sì ń ta àyà. Bí ìyàwó tàbí ọmọ bá wà nínú yàrá, ẹ kó iṣẹ́ yín lọ sí fàráńdà.

ÌPELE KÌÍNÍ: Ẹ SỌ Ọ́ DI FẸ́LẸ́FẸ́LẸ́

Ẹ má lẹ nǹkan kan mọ́ nǹkan kan ná.

1. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ méjèèjì ti ìdí ọkọ̀ wò láì fi gúlùú sí i. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí gbogbo etí tí ojú máa rí: orí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, etí ilẹ̀kùn iwájú, etí àpótí ìbọn tó wà lẹ́yìn.

2. Ẹ ha etí wọ̀nyẹn láti inú, kì í ṣe láti ìta. Ìta ló ní àmì àti ìlà tí kíìtì ti ṣe. Inú ni ẹ ti lè gé láì ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ fi abẹ fá a, kí ẹ tó fi sáńpépà tẹ̀ lé e. Kì í ṣe gbogbo ògiri ni ẹ máa ha. Mìlímítà 3 sí ìsàlẹ̀ láti etí ti tó, torí etí nìkan lojú fi ń mọ bí nǹkan ṣe nípọn tó.

3. Ohun tó bá jẹ́ irin pẹlẹbẹ, tó sì kéré, ẹ gé ti kíìtì sọnù kí ẹ fi agolo móòtì rọ́pò rẹ̀. Agolo yẹn sún mọ́ mìlímítà 0.1, ní 1/35, ó dà bí irin mìlímítà 3.5. Ẹ fi sáńpépà ha ọ̀dà tó wà lára agolo kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gúlùú ò ní mú un.

4. Tí irin náà bá ní bóòtù tàbí rífẹ́ẹ̀tì, ẹ gbé e lé orí páálí rírọ̀, kí ẹ fi gègé tí yíǹkì rẹ̀ tán tẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, lórí ìlà tí ẹ ti fi rúlà fà. Àwọn ará Òṣogbo ò ní pẹ́ mọ iṣẹ́ yìí. Bẹ́ẹ̀ ni Àṣírù Ọlátúndé ṣe ń lu pánù bàbà àti àlùmíníọ̀mù: ẹ̀yìn la ti ń tẹ̀ ẹ́, iwájú ló ti ń yọ. Ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù. Bí bóòtù kan bá ga ju ìyókù lọ, òun nìkan lojú á máa wò.

Fún LCM(3), ẹ fi ìṣẹ́jú mélòó kan sí ara ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Irin tí omi àti etíkun ti gbá máa ń wọlé díẹ̀ láàárín egungun ọkọ̀ kan sí òmíràn. Ẹ fi ojú abẹ ha ike náà ní àárín ìlà méjì, díẹ̀díẹ̀, títí ìmọ́lẹ̀ á fi máa ṣe wẹ́lẹ́wẹ̀lẹ lórí rẹ̀ tí ẹ bá gbé e síbi tí oòrùn ń yà lára rẹ̀. Ẹ má ṣe èyí sí LCVP. Pákó kì í tẹ̀ bẹ́ẹ̀.

ÌPELE KEJÌ: ILẸ̀KÙN IWÁJÚ

Ibí ni kí ẹ ná àkókò yín sí. Ẹnikẹ́ni tó bá wo ọkọ̀ ìgúnlẹ̀, ilẹ̀kùn yẹn ló ń kọ́kọ́ wò, òun náà sì ni kíìtì ń ṣe láì bìkítà jù.

Ṣáájú ohunkóhun, ẹ lọ dúró sẹ́bàá ọ̀nà níbi tí típà ti ń já yanrìn sílẹ̀. Ẹ wo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dà ti lọ tán ní àárín, níbi tí yanrìn ti ń yọ́ jáde. Irin ibẹ̀ ń dán. Ọ̀dà ṣì wà ní igun méjèèjì. Ìpáàrà pọ̀ jù níbi ìdè, torí ibẹ̀ ni omi ń dúró sí, ó sì ń ṣàn wálẹ̀ láti ibẹ̀ bí omijé. Ètè ìsàlẹ̀ ti tẹ̀, ó ti ní eyín. Ilẹ̀kùn ọkọ̀ ìgúnlẹ̀ ń gbó lọ́nà yẹn gan-an, àyàfi pé bàtà ló ń ha ti inú rẹ̀, tí yanrìn etíkun sì ń ha ètè rẹ̀. Ẹ fi fóònù ya típà náà ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta, kí ẹ máa wò ó bí ẹ bá ń kùn.

1. Ìdè ilẹ̀kùn. Ti kíìtì sábà máa ń jẹ́ bọ́ọ̀lù ike kan ṣoṣo. Ẹ gé e kúrò. Ẹ yí agolo tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ abẹ́rẹ́ kó di páìpù kékeré, kí ẹ fi wáyà bàbà kọjá nínú rẹ̀. Ilẹ̀kùn á lè ṣí, á lè tì, ẹ sì lè pinnu ibi tó máa dúró lẹ́yìn tí ẹ bá kùn ún tán.

2. Irin ìtẹ̀sẹ̀. Ilẹ̀kùn náà ní ọ̀pá tó dá a ní ìbú kí ẹsẹ̀ má bàa yọ̀. Tí èyí tó wà lára kíìtì bá rí róbótó, ẹ fá a kúrò kí ẹ fi ike tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní igun mẹ́rin lẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ ya ìlà àkọ́kọ́ pẹ̀lú rúlà. Tí èyí àkọ́kọ́ bá wọ́, gbogbo ìyókù á wọ́.

3. Okùn irin tó ń gbé ilẹ̀kùn. Òwú ìránṣọ lásán tó fún èyí ní 1/35: ó wà láàárín mìlímítà 0.2 sí 0.3, tó jẹ́ mìlímítà 7 sí 10 lára ọkọ̀ gidi. Òwú máa ń ní irun, irun yẹn sì ń tú àṣírí rẹ̀. Ẹ fà á kọjá lórí àbẹ́là ẹ̀ẹ̀mejì, kí ẹ tún fi gúlùú funfun díẹ̀ fọwọ́ rá a. Ẹ kùn ún ní dúdú tó pọ́n díẹ̀, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù pa á lórí kó dán.

4. Kí okùn náà gbọ́ràn sí ìwúwo. Tí ilẹ̀kùn bá wà lókè tàbí tó ṣì rọ̀ láàárín afẹ́fẹ́, okùn gbọ́dọ̀ le gbagidi, torí pé òun ló gbé e dúró. Tí ilẹ̀kùn bá ti sùn lé yanrìn, okùn lè rọ̀ díẹ̀. Mo ti rí àìmọye mọ́dẹ́ẹ̀lì dáadáa tí ilẹ̀kùn rẹ̀ rọ̀ sófuurufú, tí okùn rẹ̀ sì ń ṣe jẹ́lẹ́ńkẹ́. Kò sí ọ̀dà tó lè gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ là.

5. Ètè ìsàlẹ̀. Ẹ fi fáìlì jẹ ẹ́ ní ibi méjì tàbí mẹ́ta, láìdọ́gba. Díẹ̀ ni o!

ÌPELE KẸTA: INÚ ỌKỌ̀

Inú LCVP gba ọmọ ogun 36, kì í ṣe yàrá ìkóǹkansí. Àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo kí ènìyàn lè sáré jáde. Ẹrù tó bá wà, ẹ̀gbẹ́ ògiri ni kó wà.

- Okùn. Ẹ lọ́ òwú mẹ́ta pọ̀. Okùn gidi tó nípọn ní íǹṣì kan á jẹ́ mìlímítà 0.7 ní 1/35. Ẹ ká a sílẹ̀ bí atukọ̀ ṣe ń ká a, kí ẹ fi gúlùú funfun tí ẹ fi omi là tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó lè wúwo lójú.
- Ẹ̀wù ìléfòó. Fóòmù tàbí bébà ìnujú tí ẹ rì sínú gúlùú funfun, tí ẹ sì ká. Ìdè rẹ̀, okùn bébà tẹ́ẹ́rẹ́.
- Garawa, àpótí ọta, kẹ́ẹ̀gì epo onírin. Ẹyọ mẹ́ta tó wà níbi tó yẹ dára ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó fọ́n káàkiri.
- Páìpù àti wáyà. Wáyà bàbà kan ṣoṣo láti inú okùn iná. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lára abẹ́rẹ́ kí igun rẹ̀ lè rọ̀, má fi ẹ̀mú ṣẹ́ ẹ.
- Ibi tí ó ní ihò nínú ọkọ̀ gidi, tí kíìtì sì dí i: ẹ mú orí abẹ́rẹ́ gbóná lórí àbẹ́là, kí ẹ fi lu ú. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni, kí ẹ yọ ọ́ kíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ihò á di kànga.

LCM(3) wúlò fún àwọn tó fẹ́ fi mọ́tò tàbí ọkọ̀ ogun sínú. Tí ẹ bá gbé Sherman, ọkọ̀ ogun onírin ti Amẹ́ríkà, sínú rẹ̀, ẹ ránti pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 30 ni. Ìdí ọkọ̀ á jìn sínú omi, ìlà omi á sì gòkè. Àwọn kan máa ń gbé Sherman sórí ọkọ̀ tó ṣì léfòó bí ewé.

ÌPELE KẸRIN: Ọ̀DÀ

Ojú ọjọ́ Òṣogbo ló ń pinnu èyí ju yín lọ. Ní àkókò òjò, ọ̀dà oníféré tí ẹ bá fọ́n láàárọ̀ kùtù máa ń hu funfun bí ìkuukùu, nítorí ọ̀rinrin tó wà nínú afẹ́fẹ́. Ẹ dúró di ọ̀sán tí oòrùn ti yọ. Ní àkókò ọyẹ́, ọ̀dà máa ń gbẹ kó tó dé ara mọ́dẹ́ẹ̀lì, á wá rí ràìràì bí yanrìn, eruku á sì bà lé e. Nígbà yẹn, ẹ fọ́n ọn ní òwúrọ̀ kí atẹ́gùn tó dìde, kí ẹ sún mọ́ ọn ju bí ẹ ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì fi páálí ńlá bò ó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

1. Ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ mọ́dẹ́ẹ̀lì, kí ó gbẹ. Òróró ìka yín ń lé ọ̀dà.

2. Ẹ fọ́n ọ̀dà àkọ́kùn tó fẹ́ẹ́rẹ́, aláwọ̀ eérú. Tó bá jẹ́ ti inú agolo tí àwọn akunmọ́tò ń lò, ẹ fọ́n ọn láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kó máa bà lé e bí ìrì. Tó bá rin ike gbingbin, ó ń jẹ ẹ́ nìyẹn.

3. Ẹ kun àwọ̀ ọkọ̀ náà. Ọ̀pọ̀ LCVP tó lọ sí Normandy jẹ́ aláwọ̀ eérú. Lójú omi Pàsífíìkì, ẹ máa rí èyí tí wọ́n fi àwọ̀ ewé kùn ní ìlà yíyípo kí ó lè bá igbó etíkun mu. Èyí tó bá jẹ́ tiyín, ẹ fi funfun díẹ̀ pò ó. Àwọ̀ tó bá ọkọ̀ gidi mu rẹ́gí máa ń ṣókùnkùn jù lára ohun kékeré, pàápàá ní 1/72.

4. Nọ́ńbà. LCVP ń jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ńlá tó gbé e wá. "PA 33" túmọ̀ sí pé ó ti ara USS Bayfield wá, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ APA-33. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e ni ti ọkọ̀ kékeré náà fúnra rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe LCVP méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ má fún wọn ní nọ́ńbà kan náà. Sítíkà tí a ń rẹ sínú omi gbọ́dọ̀ bà lé ibi tó dán: ẹ fi fáníìṣì dídán sí ibẹ̀ ná, kí ẹ lẹ̀ ẹ́, kí ẹ tún fi èyí tí kì í dán bò ó. Bí sítíkà ò bá sí, ẹ fi abẹ gé nọ́ńbà lára téèpù oníbébà, kí ẹ fi fóòmù tẹ ọ̀dà funfun sí i. Àwọn atukọ̀ gidi náà fi ọwọ́ kọ tiwọn, kò pọn dandan kó gún bí ìwé títẹ̀.

Bí iná mànàmáná bá ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́n ọ̀dà láì kọ́kọ́ kún táǹkì afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò bá ní táǹkì lè lo táyà mọ́tò: kí vọ́kánáísà gba afẹ́fẹ́ sí i dé ìwọ̀n tí táyà náà gbà, kí ẹ so ọ̀pá tí a fi ń fọ́n ọ̀dà mọ́ ẹnu rẹ̀. Kò ní ariwo rárá, ó sì tó fún ẹ̀gbẹ́ LCVP kan dáadáa. Agbára rẹ̀ á máa dín kù, torí náà ẹ fi àwọn ibi ńlá ṣe àkọ́kọ́. Jẹnẹrétọ̀ ńkọ́? Ìta ni kó wà, jìnnà sí fèrèsé, láìsí àwíjàre.

ÌPELE KARÙN-ÚN: ÀMÌ ÌLÒ

Kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibì kan, ẹ bi ara yín: kí ló fi ọwọ́ kan ibí? Bí ẹ ò bá rí ìdáhùn, ẹ fò ó.

Lára LCVP, ìdí àti ẹ̀gbẹ́ jẹ́ pákó, ilẹ̀kùn iwájú àti àwo ààbò ni irin. Nítorí náà, ìpáàrà kò gbọ́dọ̀ kọjá ilẹ̀kùn, etí àwo ààbò, bóòtù àti ìdè. Pákó kì í dógùn-ún. Tí ọ̀dà bá bó lára rẹ̀, àwọ̀ igi ni kó yọ, tó ti di eérú nítorí omi iyọ̀. LCM(3) lè dógùn-ún níbi gbogbo. Abẹ̀bẹ̀ ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́? Idẹ ni, kì í dógùn-ún. Àwọ̀ ewé díẹ̀ ní gbòǹgbò rẹ̀, dídán ní etí rẹ̀ níbi tí yanrìn ti ń fọ̀ ọ́.

Ohun kejì tó yẹ kí ẹ mọ̀: LCVP kì í gbé inú omi. Ara ọkọ̀ ńlá ni wọ́n ń so ó kọ́ sí, tí wọ́n á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá yá. Ẹ má fi èèhọ̀ àti ìgbín òkun bo ìdí rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ fún un ní ojú ìha gígùn tó dúró ṣánṣán lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tó ti ń gbá ara ọkọ̀ ńlá nígbà tí wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kò wọ́pọ̀ kí n rí ẹni tó fi èyí sí tirẹ̀, ó sì ń sọ ìtàn ọkọ̀ náà ju ìpáàrà lọ.

1. Omi ọ̀dà. Ẹ fi tapẹntáìnì la ọ̀dà elépo inú túùbù, aláwọ̀ ilẹ̀ àti dúdú, títí á fi dà bí omi tíì tó ti ṣá. Irú èyí tí àwọn ayàwòrán wa ń lò ló dára. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kàn án mọ́ ẹsẹ̀ bóòtù àti igun nìkan. Á sá lọ fúnra rẹ̀. Kẹrosíìnì ṣeé lò bí tapẹntáìnì ò bá sí, ṣùgbọ́n ó ń fi òróró sílẹ̀, kì í sì í tètè gbẹ. Fáníìṣì gbọ́dọ̀ ti wà lábẹ́ kí ẹ tó ṣe èyí.

2. Ọ̀dà tó bó. Ẹ já fóòmù kékeré, ẹ tì í bọ ọ̀dà, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ wá fi tẹ etí àti àárín ilẹ̀kùn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

3. Ìpáàrà gidi. Ẹ rẹ kànrìnkàn onírin tó máa ń dógùn-ún sínú omi iyọ̀, kí ẹ gbé e síta. Kì í pẹ́ rárá tí á fi pọ́n, tí á sì di lẹ́búlẹ́bú. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ tẹ̀ ẹ́ sí ìdè ilẹ̀kùn. Èyí tó ń dán títí láé, tí kì í dógùn-ún, kò wúlò fún èyí.

4. Irin tó ń dán. Pẹ́ńsù 2B ní etí irin ìtẹ̀sẹ̀ àti lórí ètè ilẹ̀kùn. Òun ni kó kẹ́yìn, torí fáníìṣì ń pa dídán rẹ̀.

5. Iyọ̀ òkun. Ẹ lọ ṣọ́ọ̀kì funfun, ẹ fi omi là á fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi fa ìlà tó ṣàn wálẹ̀ díẹ̀ lókè ojú ìlà omi. Bó bá gbẹ tó funfun jù, ìka tútù á nù ún.

6. Rírin. Ọkọ̀ tó wà lójú omi gbọ́dọ̀ tutù: fáníìṣì dídán láti ìlà omi dé ìdajì ẹ̀gbẹ́, lórí ilẹ̀kùn, àti ní ilẹ̀ inú ọkọ̀. Òkè rẹ̀ kó má dán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì yẹn ni yóò jẹ́ kí ènìyàn fẹ́ nawọ́ kàn án bóyá omi wà níbẹ̀.

OMI ÀTI YANRÌN

Ẹ wá yanrìn tó kúnná jù, ẹ fi aṣọ jọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Yanrìn odò Ọ̀ṣun ṣeé lò tí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, tí ẹ sì tún un kùn, torí hóró rẹ̀ tóbi, àwọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ tiwa. Ilẹ̀ pupa àdúgbò yín, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni omi: ẹ má fi àwọ̀ omi Ọ̀ṣun kun òkun Normandy.

Fún omi, ẹ kun pákó ìsàlẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó ṣókùnkùn tó wọnú eérú, kó mọ́lẹ̀ sí i bó ṣe ń sún mọ́ yanrìn. Ẹ fi sílíkóònù tí kò ní àwọ̀, irú èyí tí àwọn tó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì ń lò, tẹ́ ẹ, kí ẹ fi ẹ̀yìn síbí tútù dá ìgbì sí i. Ó ń gbóòórùn kíkan títí á fi gbẹ, torí náà ẹ gbé e síta. Ìfófò iwájú ọkọ̀ jẹ́ òwú ìnuwọ́ díẹ̀ tí ẹ fà wẹ́wẹ́, tí ẹ tẹ̀ mọ́ sílíkóònù kó tó le. Ọkọ̀ tó ti dúró kò ní ìfófò níwájú. Ìgbì ló ń gbá a lẹ́yìn. Àmọ́ tó bá ṣì ń bọ̀, ìfófò á pín sí méjì láti imú rẹ̀.

ÀWỌN ÀṢÌṢE TÍ MO Ń RÍ JÙ

- Ìpáàrà lára pákó. Mo ti sọ ọ́, màá tún un sọ.
- Ọmọ ogun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ lórí ilẹ̀kùn tó wà nínú omi.
- Okùn tí kò wúwo, tó dúró sókè bí irin.
- Ìdọ̀tí tó dọ́gba lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ọkọ̀ kì í gbó lọ́nà bẹ́ẹ̀.
- Súpà gúlùú lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì tàbí ike tó mọ́lẹ̀ kedere: èéfín rẹ̀ ń sọ ọ́ di funfun. Gúlùú funfun ni kí ẹ lò níbẹ̀.
- Fífi gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ sí ara ọkọ̀ kan. Ẹ yan ibi méjì tí ojú máa dúró sí, kí ẹ jẹ́ kí ìyókù sinmi.

GBÍGBÉ E ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀

Ẹ fi sukúrúù de mọ́dẹ́ẹ̀lì mọ́ pákó rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ kí ẹ tó tẹ́ omi, kí ẹ sì fi sukúrúù de pákó mọ́ ìsàlẹ̀ páálí bí ẹ bá máa gbé e wọ mọ́tò. Ẹ má fi fóòmù kún òkè rẹ̀. Fóòmù ló ń ṣẹ́ okùn ilẹ̀kùn. Nílé, kó jìnnà sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀, torí ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ti ha máa ń tẹ̀ nínú ooru. Aáyán ń jẹ bébà àti gúlùú funfun, ọmọńlé ń ṣu sí ibi gíga. Ẹ ra àpótí gíláàsì kékeré tàbí kí ẹ ní kí àwọn onífèrèsé gé e fún yín. Kí ẹ tó fi bò ó, ẹ jẹ́ kí sílíkóònù náà gbẹ títí òórùn kíkan rẹ̀ á fi lọ pátápátá, torí tí ẹ bá sé èéfín yẹn mọ́ inú gíláàsì, á máa jẹ wáyà bàbà tí ẹ fi ṣe páìpù.